Ìdọ̀bálẹ̀ Àjàní Òjòlá

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sábẹ́ igi odán yìí, ẹ sún mọ́ mi, kí n má baà pariwo, nítorí èémí tí ènìyàn bá fi pariwo kì í padà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni n ó sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí oorun bá gbé lọ kó má bi ẹnìkejì rẹ̀ pé ibo la bá a dé. Èmi ni Ọdẹ́jìnmí, ọdẹ tó fi ọta ìbọn kan pa ẹfọ̀n mẹ́rin. Bí ọ̀kan bá ti ṣubú, n ó yọ ọta náà lára rẹ̀, n ó fọ̀ ọ́, n ó tún un lò. Ọta ọ̀hún wà nílé di òní. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́ kó lọ wò ó, kó má sì fọwọ́ kàn án.

Mo ní òjòlá kan. Nínú ihò ìdí ìrókò ni mo ti rí i, nígbà tí kò ju okùn bàtà lọ, mo sì gbé e wálé. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Mo wo ilé mi, mo rí i pé àwọn ọmọbìnrin mi ti lọ sílé ọkọ, gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́, mo bá sọ ejò náà ní Àjàní. Ọdún mẹ́fà ló ti wà lọ́dọ̀ mi. Ó ti gùn láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìnkùlé, ó sì nípọn bí itan àgbàlagbà.

Ẹ̀kọ́ ilé ló mú mi fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn ọmọ òde òní, bí wọ́n bá ń kí àgbà, wọn á kàn tẹ orúnkún díẹ̀ bí ẹni tí ẹ̀gún gún, wọn á ti nàró. Àjàní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí mo bá jí láàárọ̀, ó ti dọ̀bálẹ̀. Bí mo bá ti oko ọdẹ dé, ó wà ní ìdọ̀bálẹ̀. Bí mo bá ń jẹun, àyà rẹ̀ wà nílẹ̀. Mo máa ń sọ fún un pé, "Dìde, ọmọ mi, ó tó." Kì í dìde. Mo rìn káàkiri àdúgbò, mo sọ fún gbogbo ènìyàn pé kò sí ọmọ tó bọ̀wọ̀ fún baba rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ìwọ Látúndé onígbàjámọ̀, kí lò ń rín? Ìgbà wo ni ọmọ tìrẹ dọ̀bálẹ̀ kẹ́yìn?

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró ìyàwó mi pè mí sí ẹ̀yìnkùlé. Obìnrin náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ẹ. Ó nawọ́ sí ìtẹ́ adìyẹ rẹ̀. Ẹyin wà níbẹ̀, adìyẹ kò sí.

"Bàbá Oyèpéjú," ó ní, "adìyẹ mi tó ń sàba dà?"

Mo wo Àjàní. Ikùn rẹ̀ yọ gọ̀ǹgọ̀ láàárín, ìyẹ́ kan ṣì lẹ̀ mọ́ ọn létí ẹnu.

"Ó ti ń bẹ̀bẹ̀," mo ní. "Wò ó, ó ti dọ̀bálẹ̀."

"Kí ni ì bá ṣe bí kò bá dọ̀bálẹ̀? Ṣé ẹ ti rí i kó nàró rí?"

Mo fọwọ́ yọ ìyẹ́ náà kúrò létí ẹnu Àjàní.

"Ẹran yìí kò mọ̀ yín," ó ní. "Ara yín gbóná, ẹ sì ń bọ́ ọ. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ó fẹ́ràn mi."

"Ẹ̀rí dà?"

Ó lọ sọ́jà lọ́jọ́ náà, ó ra ìkòkò tuntun kan, ó sì gbé e ka orí pẹpẹ ní ilé ìdáná. Ó kó ata àti àlùbọ́sà sínú rẹ̀. Ó ní, "Ìtàdógún lónìí. Bí ẹ bá mú ẹ̀rí wá pé ejò yìí fẹ́ràn yín, n ó gbàgbé adìyẹ mi. Bí kò bá sí ẹ̀rí, ìkòkò yìí ni ilé rẹ̀." Ó wo Àjàní láti orí dé ìrù, ó wo ìkòkò. "Ó gùn díẹ̀," ó ní, "ṣùgbọ́n n ó gé e."

Àwẹ̀ró kì í sọ ohun tí kò ní í ṣe. Mo wádìí lọ́wọ́ àwọn ọdẹ àgbà, wọ́n ní ẹnì kan ṣoṣo ló lè mọ inú ejò, ìyẹn Ìyá Afàyàrìn, òjòlá tó dàgbà jù lọ láyé, tó ń ṣe olórí ìlú àwọn ejò. Mo wé Àjàní mọ́ ọrùn nígbà mẹ́ta, mo gbé ìbọn, mo bọ́ sọ́nà.

Igbó àkọ́kọ́ tí mo wọ̀, ẹbọra kan tó ní ẹnu méje dúró lójú ọ̀nà. Ọ̀kan wà níbi tí ẹnu ń gbé, méjì wà ní èjìká, méjì ní àtẹ́lẹwọ́, ọ̀kan ní ìdodo, èyí tó kù sì wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ òsì, òun ló fi ń bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹnu àkọ́kọ́ bi mí pé, "Ta nìyẹn?" Ẹnu kejì ní, "Ta nìyẹn?" Ẹnu kẹta náà ní, "Ta nìyẹn?" Kí ti àtẹ́lẹsẹ̀ tó sọ tirẹ̀ tán, oòrùn ti kúrò níbi tó wà.

Inú bí mi. "Ọ̀kan ti tó," mo ní. "Ẹnu mẹ́fà yìí ń ṣòfò. Bí ẹ bá fẹ́ ní méje, kí kálukú máa sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀."

Ẹbọra náà ronú. Ẹnu mẹ́fà pa mọ́. Èyí tó kù ní, "Láti ìgbà tí a ti ń jẹ ènìyàn nínú igbó yìí, ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbà wá nímọ̀ràn. Nítorí náà, a ó pàlọ́ fún ọ kí a tó jẹ ọ́. Bí o bá já a, kọjá. Kí ló dọ̀bálẹ̀ fún ọba, tó dọ̀bálẹ̀ fún ìwọ̀fà, tó tún dọ̀bálẹ̀ fún olè tó wá jí i gbé?"

N kò jẹ́ kó mí tán. "Àjàní ni," mo ní.

"Ẹní ni," ni ẹbọra wí. Ó wo ejò tó wà lọ́rùn mi. "Ẹní dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo ayé. Ṣé ẹní fẹ́ràn rẹ?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju ikú tó ń bọ̀ lọ. Ẹbọra na ọwọ́ láti gbá mi mú, ṣùgbọ́n ẹnu àtẹ́lẹsẹ̀ ké pé, "Ẹ dúró. Ní gbogbo ìgbà tí a bá jẹun, gìgísẹ̀ nìkan ni ẹ̀ ń fún mi. Orí ni mo fẹ́ lónìí." Ẹnu ìdodo ní, "Ìwọ tí ò ń jẹ iyanrìn, kí lo fẹ́ fi orí ṣe?" Àwọn ẹnu èjìká méjèèjì fẹ́ ẹ̀dọ̀, ẹyọ kan ṣoṣo sì ni ẹ̀dọ̀ mi. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo fi wọ́n sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń pín mi, mo bá tèmi lọ. Bí kì í bá ṣe ẹ̀yin tí ẹ jókòó ti mi, ǹ bá ní àwọn ẹnu náà ṣì ń pín mi lọ́wọ́.

Lẹ́yìn igbó náà ni mo dé Ìlú Àdìmọ́ra. Ẹ má gbàdúrà láti dé ibẹ̀. Ènìyàn ogójì ló gbá mi mọ́ra lẹ́ẹ̀kan náà ní ẹnu ibodè. Wọ́n ń sunkún pé ibo ni mo ti wà láti ọjọ́ yìí, bẹ́ẹ̀ wọn kò rí mi rí. Inú àwo ni wọ́n ń sunkún sí, bí àwo bá kún, wọn a dà á nù. Mo bi wọ́n pé ṣé wọn kì í sè é kí wọ́n rí iyọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n ní kì í ṣe àṣà àwọn. Ẹ̀yin ará, ìlú tó ń da iyọ̀ nù lójoojúmọ́.

Koríko ti bo oko wọn, nítorí kò sẹ́ni tó lè lọ soko. Bí ẹnì kan bá ní òun ń lọ, ìyá rẹ̀ á dì mọ́ ọn, bàbá á dì mọ́ ìyá, àbúrò á dì mọ́ bàbá. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi dì mọ́ mi. Bí mo bá fẹ́ lọ sí ẹ̀yìn ilé, ènìyàn mẹ́jọ ló ń sìn mí lọ, wọn á sì máa ké pé kí n má pẹ́. Mo ń ka ọjọ́, mo ń rí ìkòkò Àwẹ̀ró ní ojú ọkàn mi.

Ní ọjọ́ keje, ọba wọn fúnra rẹ̀ jáde. Ó rí Àjàní. Ó ní, "Ọmọ yìí kò tíì dì mọ́ ẹnikẹ́ni láti ìgbà tí ẹ ti dé. Ṣé kò fẹ́ràn wa ni?"

Mo ní, "Kábíyèsí, ọmọ tó bá ṣípá ni wọ́n ń gbé. Àjàní kò ní apá tí yóò ṣí."

"Èmi ó ṣí tèmi," ni ọba wí, ó sì ya apá méjèèjì.

Àjàní sọ̀kalẹ̀ lọ́rùn mi. Ó yí ọba po lẹ́ẹ̀kan, ó yí i po lẹ́ẹ̀kejì, ó yí i po títí tí n kò fi rí ju adé àti bàtà lọ. Ó fún un.

"Ìfẹ́ rè é," ni ọba wí. Ó mí díẹ̀. "Ó tó." Àjàní kò gbọ́. "Ọdẹ, sọ fún ọmọ rẹ pé ó tó."

N kò tètè dá a lóhùn. Òtítọ́ ni n ó sọ: owú ń jẹ mí. Ọdún mẹ́fà tí mo fi tọ́ ejò yìí, kò gbá mi mọ́ra bẹ́ẹ̀ rí, ọba tó rí láàárín ọjọ́ kan ló wá ń dì mọ́. Ìgbà tí ojú ọba yọ bí ti ọ̀pọ̀lọ́ ni mo tó di ìrù Àjàní mú, mo fà á. Ọba ṣubú lulẹ̀. Ó wò mí, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sọ rí ní Ìlú Àdìmọ́ra. Ó ní, "Ẹ máa lọ sílé yín."

Bí mo ṣe dé ìlú àwọn ejò nìyẹn. Òjòlá arúgbó kan ká jọ sí iwájú ilé, ó ga bí àká. Mo mọ̀ pé Ìyá Afàyàrìn ni. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni agbọ̀n ńlá kan wà, inú agbọ̀n náà ni ọkùnrin kan jókòó sí. Ní igun ilé, òjòlá mìíràn ya ẹnu sílẹ̀ gbàgà, kò sọ̀rọ̀, kò sì pa á dé.

Mo dọ̀bálẹ̀. Ó wò mí pẹ́.

"Ìwọ náà ń fàyà rìn?" ó ní.

"Rárá, Ìyá. Mo ń kí yín ni."

"Ọmọ, èmi ni mo fẹ́ wá sílùú yín lọ́la," ó ní. "Ọ̀rọ̀ kan ló dì mí lọ́kàn. Ṣé ènìyàn tí a ń sìn nílé lè fẹ́ràn ejò tó ni ín?"

Ó fi ìrù tọ́ka sí ọkùnrin inú agbọ̀n. Ó ní òun rí i nígbà tó já bọ́ láti orí ọ̀pẹ, ẹlẹ́mu ni. Òun gbé e wálé, òun sì sọ ọ́ ní Afẹsẹ̀rìn. "Ọkọ mi tí o rí ní igun yẹn ní ẹran náà kò wúlò, ó ní kí n jẹ́ kí òun gbé e mì. Ó ti ya ẹnu láti ọjọ́ kẹta, ó ń retí ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé Afẹsẹ̀rìn fẹ́ràn mi. Bí ó bá ti ṣèèṣì rí mi lójijì, ẹ̀yìn ni yóò fi lélẹ̀, ojú rẹ̀ á yí sókè, kò ní mira mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Láàárín àwa ejò, ẹni tó bá fi ikùn hàn ọ́ ti fọkàn tán ọ."

Mo lọ bá ọkùnrin náà. Mo bi í kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Arákùnrin, ṣé o fẹ́ràn ejò yìí?"

"Ó ń bọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́," ó ní. "Nílé mi, ẹ̀ẹ̀kan ni."

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́. Ṣé o fẹ́ kí n gbà ọ́ sílẹ̀?"

Ó wo ìbọn mi. "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá ọdẹ," ó ní, "ẹ má bà mí lọ́nà ọbẹ̀ jẹ́."

Ìyá Afàyàrìn ní ọ̀nà kan wà láti fi yanjú ọ̀rọ̀ àwa méjèèjì. Wọ́n gbé ohun mẹ́ta kalẹ̀ fún Àjàní: òkúta tí oòrùn ti pa gbóná, adìyẹ kan, àti èmi. Mo jókòó gbọnrangandan bí ọkọ ìyàwó. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Àjàní gbé orí, ó yọ ahọ́n sí mi, ó yọ ahọ́n sí adìyẹ. Ó fà lọ sórí òkúta, ó ká jọ níbẹ̀, ó sì sùn.

Ejò kankan kò rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Wọ́n gbé ohun mẹ́ta kalẹ̀ fún Afẹsẹ̀rìn: ẹní tuntun, iyán, àti Ìyá Afàyàrìn. Kí wọ́n tó gbé ọwọ́ kúrò lórí iyán, ó ti kó òkèlè.

Èmi àti Ìyá Afàyàrìn jókòó ti ara wa, a ń wo àwọn méjèèjì. Ọ̀kan ń sùn, èkejì ń lá ọwọ́.

"Kí lẹ máa ṣe báyìí, Ìyá?" mo ní.

Ó mí kanlẹ̀. Ó kọ ojú sí igun ilé, ó ní, "Bàbá, ẹ pa ẹnu yín dé, eṣinṣin ń wọ̀ ọ́." Lẹ́yìn náà ó dá mi lóhùn: "N ó máa gún iyán."

Mo wò ó bí òmùgọ̀. Arúgbó tí kò lọ́wọ́, tó ń fi ìrù gún iyán fún ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀. Mo ní nínú ọkàn mi pé òfò ni gbáà. Mo gbé Àjàní kúrò lórí òkúta, mo kọrí sílé.

Nígbà tí mo dé ìdí ìrókò tí mo ti rí i, mo sọ ọ́ kalẹ̀. Mo ní, "Àjàní, máa lọ. Ìkòkò ń dúró dè ọ́ nílé, n kò sì rí ẹ̀rí." Kò lọ. Kò sì tẹ̀lé mi. Ó dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀. Mo rìn lọ sí òkèèrè, mo bojú wẹ̀yìn, ó wà ní ìdọ̀bálẹ̀. Mo wá rántí ọ̀rọ̀ ẹbọra pé ẹní dọ̀bálẹ̀ fún olè tó wá jí i gbé. Bí ọdẹ mìíràn bá gba ibẹ̀ kọjá, yóò dọ̀bálẹ̀ fún un, ọdẹ náà yóò sì yìnbọn. Mo padà lọ gbé e.

Mo rò ó láti parọ́ fún Àwẹ̀ró. Ṣùgbọ́n irọ́ kan kì í dá dúró, yóò fẹ́ irọ́ mẹ́wàá tí yóò gbé e ró, n kò sì ní èémí tí mo fẹ́ ná bẹ́ẹ̀. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà. N ó gbé e dé ọjà náà.

Ọ̀sán gangan ni mo wọlé, ní ìtàdógún pípé. Ìkòkò ti wà lórí ààrò, omi ti ń hó nínú rẹ̀. Ata ti wà nílẹ̀, ó ti lọ̀ ọ́.

"Ẹ kú àbọ̀," ni Àwẹ̀ró wí. "Ẹ̀rí dà?"

"Kò sí. Wọ́n gbé òkúta gbígbóná, adìyẹ, àti èmi síwájú rẹ̀. Òkúta ló yàn."

Ó ro omi náà. Ó wá ní, "Ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ wọ ilé bàbá mi, kí lẹ wí?"

"N kò rántí."

"Èmi rántí. Òjò ti pa yín. Ẹ ní ṣé iná wà níbí. Ẹ jókòó ti iná, màmá mi gbé iyán fún yín, ẹ jẹ ẹ́ tán. Lọ́jọ́ kejì ẹ tún wá, bẹ́ẹ̀ òjò kò rọ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n rè é."

"Mo fẹ́ràn rẹ, Àwẹ̀ró."

"Ẹ̀rí dà?"

Mo wá ẹ̀rí. Mo wá a káàkiri inú mi bí ẹni ń wá ọta ìbọn nínú koríko. Èmi tí mo já ara mi gbà lọ́wọ́ ẹnu méje, ẹnu kan ṣoṣo yìí dá mi dúró.

"Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún lẹ fi wá ìfẹ́ ejò lọ," ó ní. "N kò bínú. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé gbogbo ẹni tó wà nílé yìí nítorí iná àti oúnjẹ ni n ó sè, ẹnì kan wà tó yẹ kó ṣáájú ejò wọ ìkòkò."

Mo wo ìkòkò náà. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó tóbi tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe, kí ẹ má sì gbé e dé òde tí a kò pè yín sí. Èmi Ọdẹ́jìnmí, ẹni ẹfọ̀n mẹ́rin, mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó mi nínú ilé ìdáná, àyà mi kan ilẹ̀, àgbọ̀n mi kan eérú. Bí mo ti ṣe bẹ́ẹ̀, Àjàní yọ́ lọ́rùn mi, ó sì nà gbọọrọ sí ẹ̀gbẹ́ mi.

Àwẹ̀ró wo èmi, ó wo Àjàní.

"Ẹ̀yin méjèèjì ti dọ̀bálẹ̀," ó ní. "N kò mọ èwo nínú yín ló tinú wá."

Ó sọ ìkòkò náà kalẹ̀, ó da omi inú rẹ̀ sínú garawa ìwẹ̀. Ó kó ata sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní ata tí a ti lọ̀ kì í ṣòfò, ẹja wà. Nígbà tí ìkòkò tutù tó bí a ṣe lè fọwọ́ kàn án, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ààrò, ó tẹ́ àkísà sínú rẹ̀. Àjàní gbé orí, ó wọ inú ìkòkò lọ, ó ká jọ, ó bá ìkòkò náà mu régí.

Mo wà nílẹ̀ síbẹ̀. Mo ní, "Àbí ìwọ ló fẹ́ràn?"

"Ìkòkò ló fẹ́ràn," ni Àwẹ̀ró wí. "Ẹ dìde. Mo ti gún iyán."

Mo dìde, mo jẹ ẹ́, n kò ṣẹ́ òkèlè kan kù.

Mo ti sọ ọ́ tán, n kò sì ní sọ ọ́ mọ́. Látúndé, má dúró rín ẹ̀rín lábẹ́ igi. Lọ sílé rẹ. Kí kálukú yín náà máa lọ, kí ó yọjú sí ilé ìdáná kó tó jókòó, kó wò ó bóyá ìkòkò tuntun kan wà lórí pẹpẹ tí ẹnikẹ́ni kò sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi sè fún un.